Ẹ̀kọ́ Kan Tí Méètì Kò Gbàgbé

Búútà ni mo ń tà ní ọjà Kaneshie, ní Accra. Bí ẹ bá gun àtẹ̀gùn, tí ẹ gbọ́ ohùn obìnrin kan tó ń pariwo ju gbogbo ọjà lọ, ẹ yà síbẹ̀, èmi Jàmílátù ni. Mo ní búútà aláwọ̀ ewé, mo ní pupa, mo ní èyí tó ní ọmọrí àti èyí tí ẹnu rẹ̀ gùn bíi ti lékeléke. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti wà nídìí ẹ̀. Kò sí Mùsùlùmí kan láti Darkuman dé Nima tí kò tíì fi búútà mi ṣe àlùwàlá rí, àfi tó bá fẹ́ parọ́.

Ohun tí mo fi búútà kan ṣe nínú ilé ara mi ni mo fẹ́ sọ. Ó ti ń lọ sí ọdún méjì, ó ṣì ń dùn mí bíi pé àná ló ṣẹlẹ̀. Ẹ má bá mi wí kí n tó sọ ọ́ tán. Mo ti bá ara mi wí tó.

Nima ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n Ìnísà ni bàbá mi ti wá, àwọn ará ibí sì ń pè wá ní Anago títí dòní. Ọkọ mi, Sàláù, fi ọgbọ̀n ọdún wa tròtrò, ọkọ̀ akérò, láàárín Kaneshie àti Darkuman kí orúnkún rẹ̀ tó ní ó tó gẹ́ẹ́. Yàrá méjì la gbà nínú agbo ilé kan ní Darkuman: yàrá mẹ́jọ, ẹ̀rọ omi kan, àgbàlá kan tí kálukú ń gbá ní ọjọ́ tirẹ̀. Alhaji Ádámù ló nilé. Alfa Ìbráhímù, bàbá arúgbó tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, tó sì ń ṣe lémọ́ọ̀mù wa, ló wà ní yàrá tó kángun sí tiwa.

Olè wọlé wa lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan. Lákọ̀ọ́kọ́ wọ́n gbé sílíńdà gáàsì Habiba, ará ilé wa tó ń ta wàákyé, ìrẹsì àti ẹ̀wà. Lẹ́ẹ̀kejì wọ́n kó gbogbo aṣọ tí a sá sórí okùn, títí kan ìró mi tuntun. Alhaji ní àfi ká wá ajá. Mo figbe ta. "Ajá kẹ̀? Nínú ilé tí a ti ń kírun?" Alfa Ìbráhímù rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ajá ìṣọ́ kò léèwọ̀, ká ṣáà má jẹ́ kó fẹnu kan omi àlùwàlá. Wọ́n tún ní, "Ẹ̀dá Ọlọ́run ni. Ẹni tó bá bu omi fún un, láádá ni." Mo gbọ́ ti àlùwàlá, mi ò gbọ́ ìyókù.

Ni Sàláù bá gbé ọmọ ajá kan dé nínú páálí mílíìkì. Ó pupa rúsúrúsú, etí ẹ̀ kan dúró, èkejì wó. Yéè! Ajá tí kò lè fi ojú sí nǹkan kan! Bó bá ń jẹun tí alángbá kọjá, ó ti gbàgbé oúnjẹ. Bó bá ń lé alángbá tí afẹ́fẹ́ gbé ewé ẹ̀kọ kẹ́ńkè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ti gbàgbé alángbá. Sàláù sọ ọ́ ní Méètì, nítorí ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn méètì tó máa ń bá òun pe èrò sọ́kọ̀ ṣe máa ń ṣe: ojú kan lára èrò, ojú kan lára ọlọ́mọge.

Bó sì ṣe kọ́ àwọn méètì ìgbà yẹn náà ló ṣe ń kọ́ ajá. Bó bá ní "Bọ́ọ̀stọ́ọ̀pù!" kó jókòó. Bó bá ní "Awéè!" kó dìde máa lọ. Tó bá ṣe é, á fún un ní ẹja kóòbì oníyọ̀ bíńtín. Ewúrẹ́ Alhaji á ké mẹ̀ẹ́, Méètì á ti sáré lọ wò ó. Sàláù á pè é padà, á tún bẹ̀rẹ̀. Kò ní pariwo, kò ní fi pàṣán kàn án. Èmi tí mo ti bá a gbé fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, mi ò mọ̀ pé ó ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Kò kúkú fi hàn mí rí.

Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí màá máa fi àwọn méjèèjì ṣe yẹ̀yẹ́. "Bàbá Afeefah, ẹ fi ajá yìí sílẹ̀. Kò ní ọpọlọ. Ohun tí ẹ bá kọ́ ọ láàárọ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti gbàgbé. Ajá tó bá máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ."

"Ó ní ọpọlọ," Sàláù á ní. "Ayé ló ń dùn mọ́ ọn. Ọmọdé ṣáà ni."

Ó ní iṣẹ́ tó ju ìjókòó lọ ni pé kí Méètì mọ èèyàn. Ó máa ń gbé e sínú àpò lọ sí ibùdókọ̀ Kaneshie, kó lè gbọ́ fèrè ọkọ̀ àti ariwo, kó má baà ya ojo. Ó tún ní kí gbogbo ará ilé fi ọwọ́ ara wọn fún un lẹ́ja, lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ajá tí kò bá mọ ará ilé, ará ilé ló máa bù jẹ." Habiba fún un. Alhaji fún un, ó fajú ro bí ẹni tó ń lo àgbo. Alfa fún un, wọ́n lọ fọ ọwọ́, wọ́n tún padà wá fún un. Ó kàn mí. Mo ní, "Èmi? Pẹ̀lú àlùwàlá mi? Ẹ ti sin mí kí n tó fọwọ́ bọ́ ajá." Sàláù fi ọwọ́ ara ẹ̀ fún un ní ẹja tèmi.

Bẹ́ẹ̀ ajá náà fẹ́ràn mi. Ìyẹn ló burú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní àsùbá, bí mo bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá ẹ̀rọ omi pẹ̀lú búútà mi, á sáré wá, á máa ju ìrù, á lá ẹsẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Màá tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ọwọ́. Ọkọ̀ tí mo fẹ́ wọ̀ á lọ. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ta omi sí i lójú nìyẹn. Sàláù ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dẹ́rù bà á, nítorí náà màá kọ́kọ́ wọ̀tún wòsì kí n tó ta á. Ẹni tó bá ń wọ̀tún wòsì mọ ohun tó ń ṣe.

Lọ́jọ́ kan nínú ọyẹ́, mo gbé omi kaná, mo dà á sínú búútà. Mo fẹ́ pò ó mọ́ omi tútù ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ń kán tó, tó. Ibi tí mo ti ń dúró dè é ni Méètì ti dé, tó na imú, tó lá ẹnu búútà mi. Ẹnu búútà! Inú bí mi, ojú mi ṣú. Mo fa búútà gbà, mo da gbogbo omi inú ẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Igbe tí ajá yẹn ké, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Ẹ lè ní bóyá mo gbàgbé pé omi náà gbóná. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi fún ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni mo fi di búútà yẹn mú, ó sì ń jó mi lọ́wọ́.

Sàláù fi orúnkún tó ń dùn ún sáré jáde. "Kí ló dé?"

"Ó lọ kọlu ìkòkò omi tó wà lórí iná," ni mo wí. "Ṣé mi ò sọ fún yín pé ajá yìí kì í wo iwájú?"

Irọ́ náà já geere lẹ́nu mi. Ó gbà mí gbọ́. Ó gbé ajá náà sáyà, ó ń bu omi tútù sí i lára, ó ń bẹ̀ ẹ́: "Má bínú, Méètì. Má bínú. Èmi ni mi ò kọ́ ẹ pé iná ń jóni." Ó ń tọrọ àforíjì fún ohun tí èmi ṣe, èmi sì lọ kírun. Ìrun wo? Ọlọ́run nìkan ló mọ ibi tí ìrun yẹn dé.

Egbò náà jinná, àmọ́ irun ò hù síbẹ̀ mọ́. Méètì dàgbà, ó di ajá gidi. Ó mọ gbogbo ará ilé, olè ò sì yà sọ́dọ̀ wa mọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti rí búútà lọ́wọ́ èèyàn, gbogbo ohun tó kọ́ á fò lọ. Á máa kùn, irun ọrùn ẹ̀ á dìde. Sàláù á họ orí. "Kí ló wà lára búútà tó ń dẹ́rù ba ajá yìí?" Màá yára wọlé bíi pé mo gbàgbé nǹkan sórí iná. Gbogbo ilé wa ló ní búútà, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n sì ti rà á.

Ní àsùbá ọjọ́ Àlàmísì kan, Alfa Ìbráhímù jáde wá sídìí ẹ̀rọ. Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, ilẹ̀ ò sì tíì mọ́ tán. Wọn ò rí Méètì tó dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, búútà sì yọ sí ajá náà lójijì. Ó fò mọ́ wọn, ó bù wọ́n jẹ lọ́wọ́ tí wọ́n fi mú búútà, ọwọ́ ọ̀tún tí wọ́n fi ń kọ wàláà fáwọn ọmọ kéwú.

Wọ́n gbé wọn lọ gba abẹ́rẹ́. Nígbà tí wọ́n dé, Alhaji pe gbogbo ilé jọ. Ó ní ajá náà ò gbọdọ̀ kọjá Jímọ̀ ọ̀la nínú ilé òun. Ó ti ránṣẹ́ sí ọkùnrin kan tó ń gun ọ̀kadà ra ajá kiri, gbogbo wa la sì mọ̀ pé inú ìkòkò ọbẹ̀ ni àwọn ajá tó bá rà ń parí sí. Sàláù dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Alfa, òun àti orúnkún ẹ̀. "Ẹ̀bi mi ni," ó ní. "Ajá ò mọ nǹkan kan ju ohun tí a bá kọ́ ọ lọ. Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n kọ́." Mo dúró lẹ́yìn ẹ̀. Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́, tí gbogbo Kaneshie mọ̀ mí mọ́ ariwo, mi ò lè la ẹnu.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo gbé ẹ̀kọ mímu lọ fún Alfa. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní, "Jàmílátù, èmi ni ajá bù jẹ, ìwọ lò ń sunkún. Kí ló dé?" Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo ẹ̀.

"Ta ló mọ̀ sí i?" wọ́n bi mí.

"Èmi àti Ọlọ́run ni, Alfa."

"Ajá náà ńkọ́?"

Mo fi ìró nu ojú.

"Òun náà mọ̀," Alfa ní. "Kò kàn lè sọ ọ́ ni. Ìwọ tó lè sọ ọ́, lọ sọ ọ́."

Mi ò lè sọ ọ́ lálẹ́ yẹn. Mo tún dúró títí ọlọ́kadà fi dé ní àárọ̀ Jímọ̀ pẹ̀lú àpò ìdọ̀họ, tí Sàláù ń tú okùn ọrùn Méètì. Nígbà náà ni mo tó kúnlẹ̀ ní àgbàlá. Mo sọ ọ́ lójú Alhaji, lójú Habiba, lójú gbogbo wọn. Habiba fọwọ́ bo ẹnu. Sàláù ò gbé ojú sókè.

"Omi gbígbóná, Ìyá Afeefah?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O mọ̀ pé ó gbóná?"

Irọ́ tún wà lẹ́nu mi níbẹ̀, ó ti ṣe tán. Mo gbé e mì. "Mo mọ̀."

Kò bú mi. Ì bá bú mi, ì bá sàn. Ó kàn fi ọwọ́ pa ibi tí irun ò hù mọ́ lẹ́yìn ajá náà. Alfa ní kí ọlọ́kadà máa lọ, wọ́n sì bẹ Alhaji fún oṣù kan. Ta ló máa sọ pé rárá fún ẹni tí ajá bù jẹ, tó tún ń bẹ̀bẹ̀ fún ajá?

Sàláù kó búútà tuntun láti ìsọ̀ mi, ó tò wọ́n sí àgbàlá, ó gbé ẹja kóòbì lé ọmọrí wọn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òkèèrè ni Méètì jókòó sí, tó ń kùn. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ń sáré wá mú ẹja, ó ń sáré lọ. Lẹ́yìn náà, Alfa fi ọwọ́ tí wọ́n dì ní báńdéèjì gbé búútà dání, wọ́n ń pè é, wọ́n ń fún un lẹ́ja. Habiba ṣe é. Alhaji alára ṣe é. Kó tó pé oṣù kan, Alfa ń ṣe àlùwàlá, Sàláù ní "Bọ́ọ̀stọ́ọ̀pù!" Méètì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń wo alángbá. Alhaji ní kó máa gbé.

Ó wá ku èmi. Mo lọ ra kóòbì tó sanra jù lọ́jà. Alfa gbé búútà wọn sílẹ̀, èyí tí Méètì ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹja lórí ẹ̀, mo sì gbé e. Méètì ń jẹun lọ́wọ́. Ó dá oúnjẹ dúró. Ewúrẹ́ ké, kò wò ó. Alángbá kọjá níwájú ẹ̀, kò wò ó. Ọwọ́ mi ló tẹjú mọ́. Ẹnikẹ́ni ò pàṣẹ fún un. Ó jókòó fúnra ẹ̀, ó ń gbọ̀n, ìtọ̀ sì ń ṣàn lábẹ́ ẹ̀.

Sàláù rọra gba búútà lọ́wọ́ mi. "Kì í ṣe búútà," ó ní, ó sì gbé e lọ sápá kan.

Bí ẹni tó yàgbẹ́ bá gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Abọ́ ni mo fi ń ṣe àlùwàlá nílé báyìí, lẹ́yìnkùlé, èmi tí mo ń ta búútà fún gbogbo Accra. Ojoojúmọ́ ni mo ń gbé ẹja sílẹ̀ fún Méètì, á dúró títí màá fi wọlé kó tó jẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ oṣù ni Sàláù fi kọ́ ọ ní ìjókòó àti ìdìde, pẹ̀lú ẹja, pẹ̀lú sùúrù, síbẹ̀ bí ewúrẹ́ bá ké, á ṣì gbàgbé. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni èmi kọ́ ọ, láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kò tíì gbàgbé ẹ̀.