Ọpọ́sọ̀mù Ẹ̀yìn Ilé Wa ní Lugbe

Mo rántí ìgbà tí kò sí ohun tí mi ò mọ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Lugbe ni, igbó ṣì wà lẹ́yìn ògiri ilé wa, èmi náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìgbéga níléeṣẹ́ ìjọba tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí wọ́n ń pè ní ọ̀gá láti àárọ̀ dalẹ́, báwo ni yóò ṣe délé kó ní òun ò mọ nǹkan?

Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ló gbé ìwé wá bá mi. Olùkọ́ ti yàn án pé lọ́jọ́ Ẹtì, kó dìde níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́, kó sọ ibi tí àwọn ẹranko méjì kan, ọpọ́sọ̀mù àti rakúùnù, ń gbé. Ọmọ yìí máa ń tijú, ẹnikẹ́ni ò sì yàn án fún nǹkan kan rí. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè jẹun.

Mo wo àwòrán inú ìwé. Ọpọ́sọ̀mù ní ẹnu ṣóńṣó àti ìrù gígùn tí kò nírun. Mo ní òkété mà nìyí. Ojú rakúùnù dúdú, ìrù rẹ̀ ní ilà. Mo ní ẹtà ni, kí ló tún kù? Ìyá rẹ̀ ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Mo mú ọmọ lọ sẹ́yìn ilé, mo fi ihò òkété hàn án, mo tilẹ̀ ki igi bọ̀ ọ́, mo sì nawọ́ sí igbó ẹ̀bá ààtàn pé ibẹ̀ ni ẹtà ń gbé. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tó dọjọ́ Ẹtì, ó sọ fún gbogbo ilé ẹ̀kọ́ pé ọpọ́sọ̀mù ń gbé inú ihò lẹ́yìn ilé àwọn, pé rakúùnù wà nínú igbó tó wà lẹ́bàá ààtàn, àti pé dádì òun ló fi hàn òun. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín títí. Olùkọ́ wá ṣàlàyé pé Amẹ́ríkà làwọn méjèèjì wà, pé inú ihò igi ni wọ́n sábà máa ń sùn, pé rakúùnù fẹ́ràn etí odò, wọ́n a sì tún máa wọ àjà ilé onílé. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹnu tèmi ló ṣẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ mi ló jìyà.

Nígbà tó délé, kò sunkún. Ó kàn bi mí pé, "Dádì, ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n?"

Dípò kí n bẹ̀ ẹ́, mo ní àwọn olùkọ́ ìsinsìnyí ò mọ òkété. Láti ọjọ́ náà, ìyá rẹ̀ ló ń gbé ìwé lọ bá. Bí mo bá dá sí i, á ní ẹ ṣé, sà, á sì lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ó ti wọ yunifásítì báyìí. Lóṣù tó kọjá ló wálé, tó ń rò ó bóyá kí òun fi ẹ̀kọ́ tí òun ń kọ́ sílẹ̀, kí òun bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ó wò mí, ó ní, "Dádì, kí ni kí n ṣe?" Òwe bíi mẹ́ta ti tò sẹ́nu mi. Mo gbé gbogbo wọn mì.

Mo ní, "Mi ò mọ̀, ọmọ mi."

Ó yà mí lẹ́nu pé gbólóhùn yẹn ò pa mí. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ tèmi.