Ẹja Dúdú Tó Wà Lára Idà Bàbá Múrí

Mi ò ní fi Kùránì búra fún yín, ẹni tó bá máa gbà á gbọ́ á gbà á gbọ́. Ojú mi yìí ló rí i, ní ọ̀sán gangan, ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìtòkú. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Alágbẹ̀dẹ góòlù ni mí. Lọ́dún tí àwọn sójà gbé ìjọba fún alágbádá, Múrí, ọmọ àdúgbò wa, gbé idà kan wá. Bàbá rẹ̀ tó ti kú ló gbé e bọ̀ láti ogun Bọ́mà, idà àwọn ará Jàpáànù.

Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò wo ojú idà náà lẹ́ẹ̀mejì. Irin róbótó tó wà lẹ́nu èèkù, èyí tó ń dáàbò bo ọwọ́, òun ló mú mi. Ẹja méjì ló wà lára rẹ̀, dúdú, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́. Ìpẹ́ wọn ṣeé kà. Ojú wọn jẹ́ góòlù tí kò tó orí abẹ́rẹ́. Mo fi èékánná wá ibi tí góòlù àti irin ti pàdé, mi ò rí i. Mo yí i padà: ìrù ẹja kan gba inú irin kọjá, ó yọ sí ẹ̀yìn, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní wò! Ogún ọdún ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ nígbà náà. Mi ò lè ṣe ìdajì rẹ̀.

"Bùrọ̀dá, ẹ bá mi fọ̀ ọ́ kó dán," ni Múrí wí. "Pálọ̀ mi tuntun ni mo fẹ́ gbé e kọ́ sí."

"Dúdú yìí ò jọ ìdọ̀tí o."

"Ẹ̀yin náà! Ṣé kí àlejò mi máa rò pé ìdí ìkòkò ni mo gbé kọ́ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn. Mo ti fi aṣọ funfun nù ún, aṣọ náà kò dúdú. Mo mọ̀ pé ẹni tó ṣe é ló dìídì sọ ọ́ di dúdú! Síbẹ̀, nígbà tó lọ tán, mo tú irin náà kúrò lára idà, mo gé ọsàn wẹ́wẹ́, mo da eérú sí i, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi búrọ́ọ̀ṣì ha ẹja àkọ́kọ́.

Òjò ń ṣẹ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Pupa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára ẹja, bíi bàbà lásán.

Òtútù mú ọrùn ọwọ́ mi. Mo gbójú sókè.

Ọkùnrin kúkúrú kan jókòó níwájú mi, lórí àpótí àwọn oníbàárà. Àgbàlagbà ni. Iná ti jó ìka rẹ̀ káàkiri, bó ṣe jó tèmi. Ó di ọwọ́ mi mú. Kò wò mí rárá o. Iṣẹ́ yẹn ló ń wò, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń pa eyín keke.

Ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Mi ò gbọ́ èdè náà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá ṣe ń bú ọmọṣẹ́ tó ba iṣẹ́ jẹ́, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọ̀gá tèmi náà bú mi bẹ́ẹ̀ rí.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá," ni mo wí.

Ó fi àtàǹpàkò bo ẹja kejì. Mo ṣẹ́jú, kò sí ẹnì kankan mọ́.

Mo sáré síta bá Làmídì, télọ̀ tó dojú kọ ṣọ́ọ̀bù mi. "Ta ló jáde lọ́dọ̀ mi?"

"Ẹnikẹ́ni ò wọlé, ká má tiẹ̀ wá sọ pé ó jáde. Ṣé ara yín yá?"

Mi ò fọwọ́ kan ẹja kejì. Múrí fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó gbé ẹrù rẹ̀ lọ, ó fi sáńpépà ha èyí tó kù fúnra rẹ̀. Ó ń jẹ, ó ń sùn, kò rí nǹkan kan.

Èmi ńkọ́? Láti ọjọ́ náà, góòlù tí mo bá fọwọ́ mi fọ̀, tó bá di ọjọ́ kẹta, á dúdú. Mo ṣe yẹtí fún ìyàwó tuntun kan ní Owódé, ìyá rẹ̀ jù ú lù mí láyà: "Oníjìbìtì! Bàbà lo pè ní góòlù!"

Mo ti ṣàdúà, mo ti ṣe sàráà. Iṣẹ́ tí mo fi tọ́ ọmọ márùn-ún, mo ti pa á tì. Inú ń bí mi sí Múrí. Inú ń bí mi sí ọkùnrin yẹn náà, tó jẹ́ pé èmi nìkan ló rí bá wí, èmi tí mo mọ iyì iṣẹ́ rẹ̀! Bóyá torí ẹ̀ ló ṣe wá. Mi ò mọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fọwọ́ ṣiṣẹ́, tí ẹnì kan bá gbé iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíì wá, tí ọkàn yín bá ní kí ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ ká ọwọ́ yín kúrò lórí ẹ̀, kí ẹni tó gbé e wá gbé e lọ. Ẹni tó ṣe é lè má tíì jìnnà.