Ológbò Tí Mo Lọ Jù Sílẹ̀ ní Ìlú-Àbọ̀

Mo rántí ìgbà tí mo ń gbé yàrá kan ní Ìsìkàn, ní Àkúrẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì ni, mo sì gbà pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà lè kọ́ mi. Àwọn ayálégbé yòókù ò tó nǹkan lójú mi, ológbò ìyá onílé ló wá burú jù. Dúdú ni, ó ní funfun díẹ̀ lọ́rùn. Bí mo bá pè é, etí kan ni yóò mì, kò ní dìde. Ajá tilẹ̀ mọ ọ̀gá. Èyí ń wò mí bí àlejò tó jókòó pẹ́ jù.

Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jí ẹja inú ìkòkò mi. Mo tún rí i pé irun ikùn rẹ̀ ń re, abẹ́ ikùn náà pọ́n, ó sì wú. Mo fi ohùn ẹni tó kàwé ṣàlàyé fún gbogbo ilé pé àrùn tó ń ranni ni. Àwọn kan ní àjẹ́ ni, mo sì fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ìyá onílé nìkan ni kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Ọmọ mi, àbí o ò rí bó ṣe ń jẹun ni? Kò dá a jẹ o. Jẹ́ ó wà n'úlé mi.” Arúgbó ń sọ tirẹ̀, ni mo rò. Lọ́jọ́ tó lọ sí ìpàdé ìjọ, mo ki ológbò bọ inú àpò, mo gun ọ̀kadà, ó di Ìlú-Àbọ̀ ní ẹ̀yìn Àkúrẹ́. Kí ó má baà mọ ọ̀nà padà, mo yí àpò náà po lẹ́ẹ̀méje, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nílé wa. Èmi tí mo ń fi àwọn tó pè é ní àjẹ́ rẹ́rìn-ín! Mo tú u sílẹ̀ lẹ́bàá oko ẹ̀gẹ́ kan, mo padà sílé, mo jẹ ẹja mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, igbe tín-ín-rín kan ń wá láti òkè àjà. Ìyá onílé káwọ́ lérí. “O ti gbé ìyá wọn lọ!” Ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, èmi gun tábìlì kí n tó rí i: ọmọ mẹ́ta tí ò tíì lajú, nínú àkísà. Ìyá onílé ń fi òwú kán mílíìkì sí wọn lẹ́nu. Èmi sá padà sí Ìlú-Àbọ̀, mo ń pe ológbò láàárín ẹ̀gẹ́, títí àwọn àgbẹ̀ fi béèrè bóyá orí mi pé. N kò rí i. Méjì kú kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta tó ṣú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹrin, ó dé, ó ń tiro. Mo na ẹja sí i, kò wò ó. Ó gun òkè àjà, ó ń pe ọmọ rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ló gbé há ẹnu. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi kọjá, ó fo ògiri, a ò sì rí i mọ́. Ìyá onílé kò bá mi jà. Ó kàn lọ sin àwọn méjì yòókù.

Oǹdó ni mo ń gbé báyìí, àwọn èèyàn sì ń pè mí ní ọ̀mọ̀wé. Bí wọ́n bá ti pè mí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ara mi a máa rí mi lára. Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú dúró níwájú mi, àrùn ni mo pè é.