Ọjọ́ Tí Mo Fi Faransé Sọ Pé Iná Ti Lọ

Nígbà tí mo ṣì kéré, ẹ̀yin ọmọ, ní abúlé wa lápá Avrankou, níbi tí Faransé ti jẹ́ èdè ìjọba, bí òjò bá ti ṣú báyìí, iná mànàmáná ti lọ kí òjò tó kán sílẹ̀. Ìyá mi ló kọ́kọ́ ra firigó, ẹ̀rọ tó ń mú nǹkan tutù, ládùúgbò wa. Ẹja yìnyín ló ń kó wá láti Àjàṣẹ́, ìlú ńlá ìtòsí wa, gbogbo òwò rẹ̀ ló sì wà nínú firigó yẹn.

Lọ́jọ́ kan, ìjì jà, ọ̀pẹ wó lu okùn iná, ẹja sì kún firigó dẹ́nu. Bàbá mi fi kẹ̀kẹ́ gbé mi lọ sí pọ́sítì, níbi tí tẹlifóònù wà, torí èmi nìkan ló gbọ́ Faransé díẹ̀ nílé wa. A pe àwọn oníná ní Àjàṣẹ́, ọkùnrin kan sì gbé e. Mo ní, “Le feu est parti.” Iná ti lọ, ohun tí mo rò pé mo wí nìyẹn. Mi ò mọ̀ pé létí Faransé, iná ti sọ, ó ń jó ilé, ni mo wí. Ó bi mí pé kí ló fà á. Mo ní ìjì ni. Ó bi mí bóyá ó pọ̀. Mo ní gbogbo abúlé ni. Ó ní wọ́n ń bọ̀ kíákíá.

Bàbá mi gbá mi léjìká. “O ṣeun, ọmọ mi. Owó ìwé rẹ ò gbé.”

Kò pẹ́ tá a délé tí ọkọ̀ pupa ńlá kan fi ariwo wọlé. Panápaná ni wọ́n rán sí wa. Iná tó ti kú, wọ́n tún rán àwọn tó ń pa iná sí i! Ọ̀gá wọn bú bàbá mi bí ẹni bú ọmọdé, bàbá mi sì dọ̀bálẹ̀ lójú gbogbo èèyàn nítorí ohun tí èmi wí.

“Kúrà ló lọ,” ọ̀gá náà ní. “Bí iná mànàmáná bá lọ, kúrà ni kí ẹ máa wí, ẹ má wí feu mọ́.”

Bàbá mi padà lọ wí kúrà. Ó di ọjọ́ kẹrin kí àwọn oníná tó yọjú. Ẹja ti jẹrà. Ìyá mi gbẹ́ ihò sẹ́yìn ilé, ó ń dà á síbẹ̀ láìwo ojú mi. Kò nà mí. Ì bá nà mí, ara ì bá tù mí. Kò tún ta ẹja mọ́ títí ó fi kú.

Ọmọ ọmọ mi ló ń ta ẹja báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìjì jà, iná lọ. Ó fi pọ́tábù rẹ̀, tẹlifóònù alágbèéká, pe àwọn oníná. Ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ dáhùn: tẹ eléyìí, tẹ tọ̀hún. Nígbà tí èèyàn wá gbé e, ọmọ náà wí kúrà, ó wí i re. Wọ́n ní kí ló fà á, ó ní ìjì. Wọ́n ní ojú ọjọ́ mọ́ kedere l'Àjàṣẹ́, ṣé ó dá a lójú? Àfi bí ẹni pé òjò Avrankou gbọ́dọ̀ gba àṣẹ l'Àjàṣẹ́ kó tó rọ̀. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ gba pọ́tábù lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti kọ ọ́ sílẹ̀. Títí di àárọ̀ yìí, a ò rí ẹnì kan.

Ayé ti yí padà lóòótọ́. Tẹlifóònù wà lọ́wọ́ tọmọdé tàgbà, Faransé sì ti yọ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ wa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí èmi ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ọkọ̀ kan kúkú wá. Ọmọ yìí sọ ọ́ bó ṣe yẹ ká sọ ọ́, ẹja rẹ̀ ti ń rùn.