Apá Tí Wọ́n Fi Ń Wọn Ọjọ́ Orí

Ọwọ́ ọkùnrin náà funfun fún ẹfun ìkọ̀wé. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí nìyẹn, kí n tó rí ojú rẹ̀ rárá. Ó nawọ́ láti ẹ̀yìn tábìlì, ó gbá ọmọ ọmọ mi lápá ọ̀tún mú, ó gbé apá náà gba àárín orí rẹ̀ kọjá, ó sì tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òsì, bí ẹni tó ń tẹ iṣu wò lọ́jà láti mọ̀ bóyá ó ti gbó. Ìka ọmọ náà dúró lókè etí. Bí ìbú ìka méjì ló kù kó kàn án. Ọ̀gá ilé ìwé jọ̀wọ́ apá rẹ̀, ó ní kò tíì tó, kí n mú un padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹfun kù sára irun ọmọ mi.

Bí wọ́n ti ń ṣe é lọ́dọ̀ wa nìyẹn fún ọmọ tí kò bá ní ìwé ìbí. Bí apá bá gba orí kọjá tó kan etí kejì, ọmọ ti pé ọdún mẹ́fà, kó wọlé. Bí kò bá kàn án, kò tíì pé, kó padà sílé. Oko tó kọjá Soclogbo, nílẹ̀ Ìdáàṣà wa níbí, ni ìyá rẹ̀, àbíkẹ́yìn mi, bí i sí, lásìkò tí a ń wa iṣu, kò sì sí ẹni tó ráyè lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé ìbí tí èèyàn bá fẹ́ ṣe lẹ́yìn ìgbà yẹn ń béèrè ẹlẹ́rìí àti kóòtù. A ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò tíì jáde. Ṣùgbọ́n èmi mọ ọjọ́ orí ọmọ mi. Mo mọ òjò tó rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, mo sì mọ aládùúgbò tó bímọ tẹ̀lé ìyá rẹ̀. Ọmọ aládùúgbò yẹn gan-an wà níwájú wa lórí ìlà. Ìkórè iṣu kan gbáko ni ọmọ mi fi jù ú lọ, ṣùgbọ́n ọmọ gígùn ni tiwọn, apá rẹ̀ kan etí, ó tún kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé mo dúpẹ́. Mo kúnlẹ̀ sínú eruku, mo ní ọ̀gá ẹ ṣeun, mo fa ọmọ mi lọ́wọ́. Wọ́n lé ọmọ mi dànù, mo sì dúpẹ́. Bí wọ́n ti tọ́ wa nìyẹn níwájú ẹnikẹ́ni tó bá di kálámù mú.

Ó sì yẹ kí n gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé nígbà tèmi, apá mi dé etí. Àwọn tó ń kó ọmọ lọ sí ilé ìwé ń bọ̀ lábúlé wa, bàbá mi pè mí sẹ́yìn àká lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, ó kọ́ mi bí màá ṣe sún èjìká sókè, tí màá le apá gan-an, kí ìka mi má baà kan ibì kankan. Ẹni tí yóò máa pọn ọmọ fún ìyá mi ló ń wá. Mo ṣe é dáadáa débi pé ó fún mi ní ẹyin sísè kan, èmi nìkan, nínú gbogbo ọmọ ilé. Ẹyin náà dùn. Mo ti bí ọmọ mẹ́rin kí n tó mọ ohun tí mo fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ìbá mọ síbẹ̀ ká ní kò sí táńtì. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ náà ni, Kùtọ̀nú ló ń gbé. Bàbá ọmọ ti kú kí ó tó mọ ìrìn, ìyá rẹ̀ ń ta iṣu ní Parakou, ọwọ́ mi ni ọmọ wà. Ṣùgbọ́n ilé bàbá ló ni ọmọ, gbogbo wa mọ̀ ọ́n, táńtì sì mọ̀ ọ́n ju gbogbo wa lọ. Ó wá kí wa nígbà Ọdún Àwọn Ẹni Mímọ́, ó rí ọmọ tó ń gbálẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, ó pè é, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Ọmọ yìí mọ́wọ́ o." Ó bi mí pé nígbà tí kò sí nílé ìwé, kí ló ń ṣe níbí. Ó ní òun ń wá ẹni tí yóò máa bá òun ṣe iṣẹ́ ilé. Mo mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Àwọn Fọ̀n ń pè é ní vidómẹ̀gọ́n, ọmọ tí a fi sọ́dọ̀ ẹni: á jí ṣáájú gbogbo ilé, á gbé igbá ọjà kiri òpópó, àwọn ọmọ onílé á sì máa gbé àpò ìwé kọjá níṣojú rẹ̀. Mo ní ọmọ máa wọlé ìwé ní oṣù kẹwàá tó ń bọ̀. Táńtì rẹ́rìn-ín.

"Ìyá, tó bá wọlé, ó wọlé. Tí kò bá wọlé, èmi fúnra mi ni màá wá mú un, ẹ má sì jẹ́ ká fi ṣe ìjà."

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fi ewúrẹ́ sílẹ̀ tí yóò padà wá mú un.

Ọ̀nà tí mo kọ́kọ́ gbà ko ìṣòro náà lójú, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bí a ti ń wẹ ọmọ tuntun, tí a ń nà án lápá nà án lẹ́sẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo mú òrí, tí mo ń fi pa apá ọmọ ọdún mẹ́fà láràárọ̀, tí mo ń fà á. Ọmọ ń sunkún, mo ń fà. Bí oṣù méjì ni mo fi ṣe é kí ojú tó tì mí. Apá kì í ṣe okùn. Ìgbà náà ni mo wá jókòó ti iṣẹ́ tí ó yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀.

Kò sí ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi lábúlé wa, ìlú ni ìyẹn wà. Ìwé tí èmi náà sì mọ̀ kò ju ti ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́ta tí àwọn obìnrin ìjọ kọ́ wa ní lẹ́tà lédè wa, nígbà tí a bá ti oko dé. Mo lè kọ orúkọ mi, mo sì lè ka ìwé orin bí àwọn akọrin kò bá kánjú. Mo ku iyanrìn, mo tẹ́ ẹ sínú atẹ, mo gbé e sáàárín èmi àti ọmọ, a jókòó dojú kọ ara wa. Mo fi ìka kọ lẹ́tà, òun náà kọ ọ́, a mi atẹ, ó pa rẹ́, a tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìka rẹ̀ gbó, a bọ́ sórí àpáta pẹrẹsẹ tó wà lẹ́yìn ilé, níbi tí gbogbo ilé ń sá ẹ̀gẹ́ sí. Èédú ló fi ń kọ̀wé síbẹ̀, òjò ló ń bá wa nù ún. Ẹ̀gẹ́ wa dúdú lọ́dún náà. Ìyàwó ọmọ mi bu ìyẹ̀fun, ó wò ó, ó ní, "Ìyá, ṣé ìwé la ó máa fi ro ọkà báyìí?" Mo ní kó rò ó, yóò jẹ́ ká gbọ́n.

Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n nígbà náà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ mo ṣàkíyèsí pé kò sí ìlà tí ọmọ yìí fà tí kò gbọ̀n. Mo bínú sí i, mo ní kí ló dé tí kò lè fara balẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Ìyá àgbà, bí ẹ ṣe kọ ọ́ náà ni mo kọ ọ́." Ó rò pé gbígbọ̀n náà wà lára lẹ́tà. Láti ọjọ́ náà n kò kọ lẹ́tà fún un mọ́. Mo gé okùn, mo ń tò ó sórí àpáta bí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ṣe rí, òun á sì fi èédú tọ ẹ̀gbẹ́ okùn lọ. Ìlà rẹ̀ gún, ó gún ju tèmi lọ.

Nígbà tí òjò fi dá, kò sí ohun tó ní lẹ́tà lára tí ó ń fi sílẹ̀. Ó ń ka àpò sìmẹ́ǹtì, ó ń ka páálí oògùn, ó ń ka ara ògiri ilé ìwòsàn. Faransé ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Èmi kò gbọ́ ọ, òun náà kò gbọ́ ọ, ó kàn ń pe lẹ́tà pọ̀ bí a ṣe ń pè é lédè wa, àwọn tó gbọ́ Faransé ń rẹ́rìn-ín. Mo fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe ohun mímì fún adìyẹ.

Oṣù kẹwàá wọlé, táńtì ti dé ṣáájú ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀. Ó bá wa lọ sí ilé ìwé, ó ní òun fẹ́ fi ojú ara òun rí i, ó sì ti sọ fún oní-zẹ́mì kan kó gbé ọ̀kadà rẹ̀ dúró de òun lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti fá irun ọmọ mi kodoro, kí irun má baà gba àyè mọ́ apá lọ́wọ́. Obìnrin kan tó ti Kpingni wá ló wà lẹ́yìn wa lórí ìlà, ó ti ń rìn láti àfẹ̀mọ́júmọ́, ọmọbìnrin rẹ̀ kò ju tèmi lọ. Ó fún wa ní omi mu nínú kèrègbè rẹ̀. Oòrùn mú, ó tú ìborùn rẹ̀, ó fi ṣíji bo ọmọ méjèèjì.

Ó kàn wá. Ọ̀gá ilé ìwé gbé apá, ó tẹ̀ ẹ́. Ó ku ìbú ìka kan. Ó ní kò tó, kí a sún fún ẹni tó kàn, pé àyè gan-an ti kún. Mo rí táńtì tó ń so ìró rẹ̀ le, ó ti ń múra àtilọ.

N kò kúnlẹ̀. N kì í sì í pariwo, bẹ́ẹ̀ ni n kò pariwo lọ́jọ́ náà. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ dákun, ṣé etí ni yóò fi kàwé ni, àbí ojú?"

Àwọn tó wà lórí ìlà bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kọ́ ló ṣe òfin, pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, àwa àgbà la pa á lówe. Mo ní àwọn àgbà kan náà ló parí rẹ̀, pé ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè, kí ó jẹ́ ká wo ohun tí ọwọ́ kékeré yẹn lè ṣe.

Níbi tí a ti ń fa ọ̀rọ̀, ẹ̀rù ti ba ọmọ, ó sì ṣe ohun tó máa ń ṣe nígbà tí ẹ̀rù bá bà á: ó wá lẹ́tà kà. Ìwé orúkọ ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì, lẹ́tà ńláńlá ni wọ́n fi kọ orúkọ ìdílé síbẹ̀, irú èyí tó wà lára àpò sìmẹ́ǹtì. Ọ̀gá ni ìwé náà dojú kọ, kò dojú kọ ọmọ. Ṣùgbọ́n ìkòdìkejì atẹ iyanrìn ni ọmọ yìí ti kọ́ ìwé, ojú kan náà ni òkè àti ìsàlẹ̀ lẹ́tà lójú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn tí wọ́n ti gbà, lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ohùn wẹ́wẹ́. Ó dé orí ọ̀kan, ó dúró, ó fi ìka lé e.

"Ọ̀gá, ẹ ti kọ eléyìí lẹ́ẹ̀mejì."

Ọ̀gá wo ìwé. Ó wò ó títí. Lóòótọ́ ni, orúkọ kan wà lókè, ó tún wà nísàlẹ̀. Ó fa ìlà sí èyí tó wà nísàlẹ̀, ó bi mí ní orúkọ ọmọ, ó kọ ọ́ sí àyè náà. Ó ní, "Màmá, mo ṣe yín lóore lónìí." Oore. Ọmọ tó ka ìwé rẹ̀ fún un, tó sì bá a tún un ṣe, òun ló ṣe lóore. Títí di òní, bí mo bá ń ṣa ẹ̀wà tí mo rántí ọ̀rọ̀ yẹn, mo máa ń gbé atẹ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló fa apá ọmọ Kpingni. Apá náà kò kan etí. Ó ní kò tó, kò sì sí àyè mọ́. Obìnrin náà wò mí. Kò bẹ̀ mí, kò bú mi, ó kàn ń retí. Ọ̀rọ̀ ṣì gbóná lẹ́nu mi, àwọn èèyàn ṣì ń rẹ́rìn-ín ohun tí mo sọ. Mo di ọwọ́ ọmọ mi mú, mo wolẹ̀. Nígbà tó rí i pé n kò ní sọ nǹkan kan, ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá.

Táńtì kò bínú sí mi rárá. Bí mo ṣe ń jáde lẹ́nu ọ̀nà ni mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i lábẹ́ igi máńgòrò, ó ti jókòó ti obìnrin Kpingni, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ẹnu rẹ̀ ń lọ. N kò gbọ́ ohun tó ń sọ, mo sì mọ̀ ọ́n. Mo lè padà. Ọ̀nà náà kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Inú mi dùn ju kí n padà lọ. Kí ọjà tó ná lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ náà ti wà ní Kùtọ̀nú.

Ọmọ mi ti ga jù mí lọ báyìí, ó ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ìlú, òun ló ń ka ohun tó wà lára oògùn mi fún mi, Faransé gidi lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn ènìyàn ní mo gbìyànjú, ìyá àgbà tí kò kàwé tó kọ́ ọmọ níwèé. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé Ọlọ́run ló ṣe é. Ìbínú tí mo ní sí ọ̀gá ilé ìwé, mo mọ ibi tí mo gbé e sí, mo lè mú un jáde kí n sì dá a padà. Èyí tí mo ní sí ara mi ni n kò rí ibi gbé sí.

Obìnrin Kpingni ṣì ń wá ta ẹ̀pà lọ́jà Ìdáàṣà. Bí ó bá rí mi lókèèrè, á dìde, á kúnlẹ̀ kí mi, á ní, "Ìyá, ọmọ wa ńkọ́? Ṣé ó ń kàwé rẹ̀?" Mo máa ń ní ó ń kà á. Mo máa ń ra ẹ̀pà. Ọdún wá ń gun orí ọdún, n kò tíì ní ẹnu tí màá fi bi í léèrè tirẹ̀.