Ọwọ́ Tó Kan Etí

Ká ní ẹnìkan sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé àga ọmọdé lásán lè dá wàhálà sílẹ̀ nínú ilé, ǹ bá ti rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló gbé e bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí ọmọ mi obìnrin wà ní ọmọ ọdún méjì. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ń dè é mọ́, kí ọmọ má baà fò síwájú tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì lójijì. Mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ọ̀nà tí à ń gbà láràárọ̀ láti Ajégúnlẹ̀ dé ọ́fíìsì mi ní Warehouse Road, àwọn tírélà ló ni ín, àwa kàn ń sá kiri láàárín wọn ni.

Àdúgbò wa ò gbà. Aládùúgbò wa kan a dúró lójú wíńdò ọkọ̀, a ní, "Madam, wetin this pikin do wey una tie am?" Láràárọ̀! Bí ẹni pé ọmọ ṣẹ̀ mí ni mo ṣe dè é. Ti ìyá ọkọ mi tó wá ń bá wa gbé ló wá pọ̀ jù. Bí mo bá ti ń de ọmọ mọ́ àga, a pòṣé.

"Ìyàwó, títí dìgbà wo? Ọmọ tó ń lọ sí ọdún márùn-ún!"

"Ẹ má bínú, mà. Títí tó fi máa ga tó bẹ́líìtì ọkọ̀ ni."

"Bẹ́líìtì kọ́ ló ń sọ bí ọmọ ṣe dàgbà tó. Tó bá ti lè na ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, tó kan etí òsì, ó ti dàgbà nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gba bàbá ẹ̀ sílé ìwé."

Kí ló pa etí àti bẹ́líìtì pọ̀? Mo de ọmọ tán, mo ti ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ti gbọ́, ìsinmi sì tán nínú ilé wa nìyẹn. Ó ń mu ògì, ọwọ́ wà lórí. A ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ènìyàn dijú, tèmi lajú sílẹ̀, ó ń fi ìka wá etí. Ìyá ọkọ mi sì ń kọ́ ọ bó ṣe máa tẹ ọrùn díẹ̀. Mo ní ìrẹ́jẹ nìyẹn. Ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan, igbe sọ.

"Mo ti kàn án! Mọ́mì, ẹ wò ó!"

Lóòótọ́, orí ìka ti kan etí, ọrùn wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá ọkọ mi pàtẹ́wọ́. Kí n tó wé gèlè tán, ọkọ mi ti yọ àga kúrò nínú ọkọ̀. Mo gbé ọmọ jókòó lẹ́yìn, mo fa bẹ́líìtì, ọ̀fun rẹ̀ ló gbà kọjá.

"Ẹ wò ó," mo ní, "ó fẹ́ fún un lọ́rùn."

"Má wulẹ̀ dè é," ọkọ mi dáhùn. "Ìwọ ṣáà dì í mú. A ti pẹ́."

Inú bí mi, ṣùgbọ́n mo wọ ọkọ̀. A ò tíì jìnnà tí tírélà kan fi dúró lójijì níwájú wa. Ọkọ mi tẹ bíréèkì. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi di ọmọ mú, síbẹ̀ ó yọ̀ bọ́ bí ọṣẹ. Ó fi ẹnu gbá ẹ̀yìn ìjókòó iwájú, ó ṣubú sẹ́sẹ̀ mi. Ètè bẹ́, ẹ̀jẹ̀ ta sára aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo pariwo mọ́ ọkọ mi, mo pariwo mọ́ awakọ̀ tírélà tí kò gbọ́ mi. Díẹ̀ ló kù kí n pariwo mọ́ ìyá ọkọ mi tó jókòó síwájú, àmọ́ ó ti ń tú gèlè rẹ̀ láti fi nu ẹ̀jẹ̀ náà. A padà sílé.

Lọ́jọ́ kejì, mo ti múra ìjà sílẹ̀. Ìyá ọkọ mi ì báà pòṣé títí di alẹ́, mo máa gbé àga náà padà sínú ọkọ̀. Mo débi tí ọkọ mi gbé e sí, mo bá ọmọ níbẹ̀ níwájú ìyá àgbà rẹ̀, ètè rẹ̀ wú. Ó na ọwọ́ gba orí kọjá. Ó wá ká àwọn ìka rẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́, kí wọ́n má baà débi tí wọ́n ń lọ.

"Màmá, ẹ wò ó," ó ní, "kò kàn án mọ́."

Ìyá ọkọ mi wo ọwọ́ náà, ó wo ètè tó wú.

"Lóòótọ́ ni," ó ní. "Ó ṣì kù díẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé àga náà, ó nà án sí mi.