Ilé Ìràwọ̀ Tí Wọ́n Wó

Àlájà Sherifa fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ di dókítà. Aṣọ ni Àlájà ń tà lọ́jà Makola ní Accra, ìdí aṣọ náà ló sì jókòó sí títí Lubabah fi jáde ní yunifásítì. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ nípa oòrùn àti ìràwọ̀ ni Lubabah kọ́. Nígbà tó parí, ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Mutala ló ti ríṣẹ́, bàbá arúgbó kan tó kọ́ ilé olórùlé roboto sẹ́yìn ilé ara rẹ̀. Inú ilé yìí ṣókùnkùn. Ẹ̀rọ kan ló ń tan àwòrán ìràwọ̀ sára àjà. Àwọn ọmọ iléèwé á wá wò ó, Lubabah á sì ṣàlàyé fún wọn.

Ó pẹ́ tó ti ń bẹ ìyá rẹ̀ kó wá gbọ́ òun. Lọ́jọ́ Sátidé kan, Àlájà gbà, ó wọ trotro, bọ́ọ̀sì akérò, láti ilé rẹ̀ ní Kotobabi wá.

Ọmọbìnrin kékeré kan bèèrè lọ́jọ́ náà pé, "Àǹtí, bí oòrùn bá ń fa ayé, kí ló dé tí ayé ò já lu oòrùn?"

"Ó ń já bọ̀ lójoojúmọ́," Lubabah dáhùn. "Ṣùgbọ́n àtìgbà tí ayé ti wà ló ti ń sáré gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, kò sì sóhun tó dá eré náà dúró. Oòrùn ń fà á mọ́ra, eré ń gbé e lọ, ló fi ń yí i po. Bí eré yẹn bá tán, inú iná ni. Bí oòrùn bá sì jáwọ́, ayé á bá òkùnkùn lọ tààrà."

Ó fi hàn wọ́n pé ọ̀nà ayé kò rí roboto tán, ó gùn lápá kan díẹ̀. Pé bí ayé bá sún mọ́ oòrùn, eré rẹ̀ á le sí i. Pé Júpítà, nítorí ó tóbi, máa ń fa àwọn yòókù kúrò lọ́nà wọn díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí iná tàn, ó sáré bá ìyá rẹ̀. "Màámi, ṣé ẹ gbádùn ẹ̀?"

"Ṣé ohun tí mo torí ẹ̀ jìyà ní Makola nìyí? Kí o máa bọ́mọ ọlọ́mọ sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn?"

"Iṣẹ́ ni, Màámi."

"Iṣẹ́ tí mi ò lè júwe fẹ́nì kankan."

Kò pẹ́ sígbà náà ni Ọ̀gá Mutala kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ò tiẹ̀ dúró kí àdúrà ogójì ọjọ́ pé kí wọ́n tó wó ilé náà, kí wọ́n lè kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Lubabah lọ bẹ àkọ́bí wọn pé kó fún òun ní ẹ̀rọ náà.

"A ti kó o dànù mọ́ àlàpà," ọkùnrin náà ní, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Ó wáṣẹ́ ní iléèwé títí dé Tema. Wọ́n ní kò kọ́ṣẹ́ tíṣà. Nígbẹ̀yìn, ó gba ìsọ̀ ìyá rẹ̀ lọ.

"Ọmọ mi ti ronú wàyí," Àlájà ń sọ fáwọn oníbàárà, ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu ẹ̀. "Ojú ẹ̀ ti wálẹ̀."

Lubabah á máa gé aṣọ lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá rẹ̀ rọra bi í pé, "Ṣé o ṣì ń bínú sí mi ni?"

"Rárá o, Màámi."

Irọ́ ni. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n oníbàárà ti dúró.